Lọ́yà Tó Gbẹnu Sọ fún Alátakò Rẹ̀

Ní Aberceirw tiwa, ní ilẹ̀ Wales, iṣẹ́ èèyàn la fi ń pè é. Ọkùnrin tó ń ta búrẹ́dì, Huw Búrẹ́dì ni. Obìnrin tó ń fi mọ́tò gbé èrò, Marged Mọ́tò ni. Ìdí nìyẹn tí Ithel Beddoe fi ń jẹ́ Ithel Lọ́yà títí dòní, àní lẹ́yìn tó ti di aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Èèyàn kúkúrú ni, ẹlẹ́rìn-ín, tí kì í tètè bínú. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Ìwé ogún ló máa ń kọ fún àwọn èèyàn, ó sì máa ń parí ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ àti ti àgùntàn tó wọ oko olóko. Bí àgbẹ̀ méjì tí wọn kì í kí ara wọn bá gbé ẹjọ́ wá, á ní kí àwọn méjèèjì dúró de òun nínú yàrá kékeré kan tó wà níwájú, níbi tí bẹ́ǹṣì kan àti iná kan ṣoṣo wà, á sì pẹ́ kó tó jáde. Wọ́n á kọ́kọ́ máa wo ògiri. Nígbà tó bá yá, ọ̀kan á ní òjò ọdún yìí pọ̀ jù. Èkejì á bi í pé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ńkọ́. Kí Ithel tó ṣílẹ̀kùn, ìjà náà á ti yọ́ dé ìdajì.

"Ithel," ni Tegwen ìyàwó rẹ̀ máa ń wí, "ṣé o mọ̀ pé ìjà àwọn èèyàn yìí là ń jẹ?"

"Mo mọ̀," ni Ithel á dá a lóhùn. "Wọ́n á tún jà lọ́dún tó ń bọ̀."

Bó ṣe dé ìdí òṣèlú nìyí. Ní ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun ńlá àgbáyé, aṣòfin tó ń ṣojú wa ní àgbà ti dé, òun ò lè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Lọ́ńdọ̀nù mọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, Líbẹ́rà, ní láti wá ẹlòmíràn. Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ló kọjú síra wọn ní òpópónà kan náà nílùú wa, àwọn ọmọ ìjọ wọn ló kún inú ẹgbẹ́ náà, wọn kì í sì í fẹnu kò lórí ohunkóhun. Ẹni tí ṣọ́ọ̀ṣì kan bá mú wá, àwọn méjì yòókù á ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n jókòó títí, tíì tutù nínú ife, kí ẹnì kan tó sọ pé, "Ithel Lọ́yà ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó lè ní òun ò fẹ́ ẹ. Ithel ló kọ ìwé ogún gbogbo àwọn tó wà níjòókòó, ó mọ ọmọ tí kálukú fẹ́ràn jù, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ṣẹ̀ ẹ́.

Díákónì Eseia Humphreys, olórí ẹgbẹ́, ni wọ́n rán sí i. Bàbá gíga kan ni, tó ń ta ìṣó àti irin, tí mi ò rí eyín rẹ̀ rí lójú ẹ̀rín. Ó bá Ithel nínú ọgbà, níbi tó ti ń gé kábéèjì.

"Ithel, ẹgbẹ́ ti yàn ọ́."

"Wọ́n yàn mí sí kí ni, bàbá?"

"Sí Lọ́ńdọ̀nù."

Tegwen yọjú láti ilé ìdáná. "Ẹ jọ̀ọ́, Díákónì, bí èèyàn bá ní kí ọkọ mi yá òun ní agboòrùn, á tún bọ́ bàtà fún un. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ fẹ́ jù sáàárín àwọn olóṣèlú?"

"Ohun tá a fi yàn án gan-an nìyẹn, Ìyáàfin Beddoe. Kò ní ọ̀tá."

"Ẹ ṣì dúró ná, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìpolongo."

Ithel ṣì ń gé kábéèjì rẹ̀ lọ. Afárá Cwm-hesg ló ń rò. Cwm-hesg ni àfonífojì tó wà lẹ́yìn òkè wa, ibẹ̀ lèmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti ń ṣe olùkọ́. Bí odò bá ti kún, ìdajì àwọn ọmọ mi ò ní lè wá sílé ìwé, nítorí pákó tí à ń pè ní afárá yẹn á ti wà lábẹ́ omi. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí Ithel ti ń kọ̀wé sí ìjọba nítorí rẹ̀. Èsì tí wọ́n ń fún un dùn-ún kà, ṣùgbọ́n kò sí pákó kan ṣoṣo nínú rẹ̀.

"Bí mo bá jókòó tì wọ́n," ló wí níkẹyìn, "wọn ò ní lè fi lẹ́tà dá mi lóhùn." Ó nu ọ̀bẹ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì gbà.

Ẹni tí ẹgbẹ́ Kọ́ńsáfétífù fà kalẹ̀ ni Méjọ̀ Tudur Anwyl, ọmọ ilé ńlá tó wà ní Gwernog. Ọkùnrin gbọọrọ tó ń tiro láti ojú ogun ni. Ọmọ ọdún méje ni wọ́n ti rán an lọ sílé ìwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́hùn-ún, èdè Wales tiwa tó gbọ́ kò sì ju èyí tó ti kọ́ lẹ́nu obìnrin tó tọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀ ló ṣe ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀. Kò mọ bí a ṣe ń fi "ẹ" bọ̀wọ̀ fún èèyàn rárá. Lọ́jọ́ ọjà àgùntàn, ó bọ Díákónì Humphreys lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Káàárọ̀, ọmọ dáadáa. Ṣé o ti jẹun?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi di odi ọgbà àgùntàn mú. Díákónì ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní ìwọ̀sí ni, ìwọ̀sí sí gbogbo Wales. Méjọ̀ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó rò pé wọ́n fẹ́ràn òun ni.

Ìdìbò bọ́ sí oṣù Kejìlá, nígbà tí yìnyín ti bo òkè. Ìpolongo ò tíì lọ jìnnà tí mọ́tò Méjọ̀ fi yọ̀, tó kó sí kòtò, tí irin ìdí rẹ̀ sì dá sí méjì. Àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe ní ó di ẹ̀yìn Kérésìmesì. Mọ́tò kan ṣoṣo tó kù tí èèyàn lè háyà ni ti Marged Tibbott, tí à ń pè ní Marged Mọ́tò, ẹgbẹ́ Líbẹ́rà sì ti gbà á fún Ithel.

Marged yìí, kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bá jiyàn. Nígbà ogun, òun ló ń wa mọ́tò tó ń kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà tí Méjọ̀ wá bá a, ó ní, "Lọ́yà ló ni ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ lọ bi í."

Méjọ̀ tiro gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì Ithel. Kò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí Ithel fi ní, "Ẹ kàn máa bọ̀ lówùúrọ̀ ọ̀la. Ẹ wọ ẹ̀wù tó nípọn, òtútù máa ń gba ilẹ̀ mọ́tò náà wọlé."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Díákónì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wọlé láì kan ilẹ̀kùn. "Ṣé wọ́n ní alátakò lò ń fi mọ́tò ẹgbẹ́ gbé kiri?"

"Bàbá, ọ̀nà kan náà là ń lọ. Ṣé kí n máa wò ó kó fi ẹsẹ̀ tó ń tiro yẹn gba inú yìnyín kọjá ni?"

"Kó jókòó sílé ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn náà ò dáa. Ta ni mo fẹ́ wá borí?"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá dé abúlé kan, ọ̀kan á sọ̀rọ̀ ṣáájú, èkejì á jókòó sẹ́yìn títí yóò fi kàn án. Òfin kan ni Marged ṣe: ẹni tó bá dárúkọ ìdìbò nínú mọ́tò òun, òun ló máa sọ̀kalẹ̀ ti mọ́tò gun òkè. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ajá àti ti àgùntàn ni wọ́n máa ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ọ́, kí Méjọ̀ lè gbádùn ara rẹ̀. Marged nìkan ni òfin náà kò mú.

"Lọ́yà, ọ̀rọ̀ yín ti ń gùn jù. Mo rí bàbá kan tó sùn, tó jí, tó tún padà sùn."

"Méjì ni wọ́n, Marged. Mo kà wọ́n."

"Ẹ̀yin náà, Méjọ̀, tiyín ò tiẹ̀ gùn. Ṣùgbọ́n ta ló bi yín ní owó ibodè?"

Òótọ́ ni. Àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ ọ̀rọ̀ fún Méjọ̀, gbogbo rẹ̀ sì dá lórí owó ibodè tí wọ́n fẹ́ bù lé ọjà ilẹ̀ òkèèrè. Ó ń fi èdè ọmọ ọwọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn darandaran. Kò yé wọn, mo sì rò pé kò yé òun alára.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá sí Cwm-hesg, Méjọ̀ kàn ń wo òde, ó sì sọ láìbojú wẹ̀yìn pé, "Ilé Ifor Gittins nìyẹn. Ó wà lábẹ́ mi ní Faransé. Ó fa èéfín olóró símú. Kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀ mọ́. Dókítà ìjọba gbé etí lé e láyà, ó ní ara rẹ̀ ti yá, wọ́n sì gé owó tí ìjọba ń fún un. Wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè yìí. Mo ti lọ kí gbogbo wọn nílé."

Marged tẹ bíréèkì. Ó yíjú padà. Irú àwọn ọkùnrin yẹn ló ti gbé lẹ́yìn mọ́tò lọ́pọ̀ ìgbà.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí rí níbi ìpàdé?"

Ojú ti Méjọ̀. "Mi ò ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan ni mo mọ̀ ní èdè yín. Mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ọmọdé sọ ohun tó ṣe àwọn ọkùnrin yẹn."

Marged tún wa mọ́tò lọ títí wọ́n fi dé.

Ilé ìwé mi ni wọ́n ti ṣe ìpàdé, lọ́sàn-án. Èèyàn kún bámú, àwọn kan jókòó sórí tábìlì àwọn ọmọ, òórùn irun àgùntàn tútù gba gbogbo ilé. Ithel ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ afárá, wọ́n pàtẹ́wọ́ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló kan Méjọ̀, ó dìde, ó la ẹnu, ohùn ò jáde. Òtútù ti mú ohùn rẹ̀ lọ pátápátá. Ó tún gbìyànjú, ohun tó jáde kò ju bí ìgbà tí ológbò bá ń mí. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, àwọn kan sì ń wá fìlà wọn láti máa lọ.

Méjọ̀ wá bá Ithel níbi tó jókòó sí, nítòsí sítóòfù. Ẹ̀gbẹ́ wọn ni mo dúró sí, mo gbọ́.

"Ṣé ẹ lè bá mi sọ ọ́?" ló sọ wúyẹ́wúyẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ ti gbọ́ ọ títí ẹ ti mọ̀ ọ́n lórí."

Ithel wo àpò ẹ̀wù rẹ̀. "Kí lẹ ní lápò?"

Méjọ̀ fọwọ́ wá àpò. Páì ẹran àgùntàn kan ló wà níbẹ̀, tí ó ti tutù.

"Ẹ fún mi ní ìdajì."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Owó iṣẹ́ mi ni. Bí mo bá gbowó lọ́wọ́ yín, mo di lọ́yà yín nìyẹn, mi ò sì lè ṣe é lábọ̀." Ó fi ìdajì páì náà sápò, ó dìde.

"Ẹ̀yin ará Cwm-hesg," ló wí, "ohun tí mo sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Méjọ̀ Anwyl ti gbà mí síṣẹ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí n sọ fún yín pé owó ibodè dára. Mo ti sọ."

Ilé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ó dúró kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ ti àwọn tó fa èéfín olóró símú. Ó sọ ti dókítà tó gbé etí lé wọn láyà tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ bí Méjọ̀ ṣe ń fi ẹsẹ̀ tó ń tiro gun òkè láti ilé kan sí èkejì, tó ń jókòó tì wọ́n, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ilé, Ifor Gittins bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, Ithel sì dúró títí tó fi húkọ́ tán.

"Ohun kan kù," ni Ithel wí. "Ọkùnrin yìí kì í fi 'ẹ' bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ sì rò pé ó ń fojú di yín. Ta ló kọ́ ọ ní èdè wa? Nani Prydderch tó tọ́ ọ ni, ọmọ àfonífojì yín níbí, ẹ̀yin náà lẹ sin òkú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní 'ẹ̀yin' rí. Bí ìyá yẹn ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó ń wẹ̀ fún un, tó ń fún un lóúnjẹ, ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ láti bá èèyàn sọ̀rọ̀ nìyẹn. Nígbà tó bá sọ pé, 'Ṣé o ti jẹun,' ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti jẹun ni."

Mo rí obìnrin àgbàlagbà kan tó ń fi etí ìborùn nu ojú. Méjọ̀ jókòó, ó tẹ orí ba. Èmi náà ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí.

Díákónì Humphreys, tó ti tẹ̀ lé wọn wá láti máa ṣọ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, dìde fùú. "Lọ́yà, ta wá ni kí wọ́n dìbò fún?"

"Bàbá, ká ní ẹ bi mí ṣáájú, èmi ni. Bí ẹ bá bi mí báyìí, Méjọ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n jẹ páì mi tán, kí ẹ tún wá bi mí."

Wọ́n dìbò, wọ́n ka ìbò. Ìbò díẹ̀ báyìí ni Méjọ̀ fi borí, Cwm-hesg ló sì fún un. Èmi náà wà lára àwọn tó dìbò fún un, mo sì ti sọ fún Ithel.

Díákónì ò bá Ithel sọ̀rọ̀ títí dé ọdún Àjíǹde. Ní ti Tegwen, nígbà tó gbọ́, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọkọ mi," ló wí, "nínú gbogbo ẹjọ́ tí o ti rò láyé rẹ, èyí lo rò dáadáa jù, ara rẹ lo sì rò ó mọ́."

Ithel náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó máa ń dá dúró létí odò, táá máa wo pákó yẹn. Tegwen mọ̀, kò bá a sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń se ọbẹ̀ ẹran àgùntàn tó fẹ́ràn, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ẹran nílé wọn pàápàá. Ohun tó gbà á là ni iṣẹ́. Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù olóògùn: "Lọ́yà, ẹ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹ ṣe bá Méjọ̀ sọ ọ́."

Méjọ̀ ní tiẹ̀ ò gbádùn Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ilé ìgbìmọ̀ gbóná jù, ọ̀rọ̀ sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ó béèrè ọ̀rọ̀ àwọn sójà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, wọ́n sì kọjá síbòmíràn. Kò tíì pé ọdún kan tí ìjọba fi tú, tí ìdìbò tún dé. Méjọ̀ gun àtẹ̀gùn lọ bá Ithel. Ó bá Díákónì Humphreys nínú yàrá kékeré iwájú, tó wá fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kan, àwọn méjèèjì sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ithel pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, Díákónì ń kọ́ Méjọ̀ ní bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ káàsán, sà," Méjọ̀ sì ń sọ ọ́ tẹ̀ lé e bí ọmọ ilé ìwé.

"Mi ò díje mọ́," ni Méjọ̀ wí fún Ithel ní èdè wa. "Mo gbọ́ ohun tó ń dùn wọ́n, mi ò ní ẹnu tí mo fẹ́ fi sọ ọ́. Ìwọ ni kó o lọ."

"'Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ lọ,'" ni Díákónì tún un ṣe.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá," ni Ithel wí. "Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ithel wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó sì wọlé dáadáa. Ọ̀rọ̀ àwọn tó fa èéfín olóró símú ló kọ́kọ́ sọ nílé ìgbìmọ̀. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín bíi ti Méjọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń mú àwọn àgbẹ̀ jókòó sójú kan mọ sùúrù. Ó ń tọ àwọn olóyè lẹ́yìn níbi tí wọ́n ti ń jẹun, ó ń bá wọn wọ ọkọ̀ ojú irin kan náà, títí tí wọ́n fi ní kí dókítà mìíràn yẹ àwọn ọkùnrin náà wò. Wọ́n dá owó Ifor Gittins padà. Ó fi kó kúrò nílé alátẹ̀gùn, ó gba ilé ìsàlẹ̀ kan, ó sì ń sin oyin níbẹ̀. Afárá wa gba ọdún mélòó kan sí i, ṣùgbọ́n òkúta ni wọ́n fi ṣe é, àwọn ọmọ mi sì ń gbà á kọjá báyìí, wọ́n ń pẹ́ dé ilé ìwé nítorí eré tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ para pọ̀ ṣe ìjọba, wọ́n fi Ithel ṣe igbákejì mínísítà. Òwúrọ̀ ni ìròyìn náà dé, ó ń jẹun lọ́wọ́. Inú ilé ìdáná wọn ni mo wà, mo wá gba kábéèjì.

"Tegwen, wọ́n ní mo ti di igbákejì mínísítà."

Tegwen gbé ìkòkò tíì kalẹ̀. "Ṣé wàá ṣì máa wálé lọ́jọ́ Jímọ̀?"

"Màá máa wá."

"Ó dáa náà. Jẹ ẹyin rẹ kó tó tutù."